Ta Ló Yọ Ìbòrí Irin Náà?

"Fọwọ́ sí i, ká padà síbi iṣẹ́," ni ọ̀gá wí, ó sì ti ìwé náà sún mọ́ mi lórí tábìlì. "Ẹni tó ti kú ò lè bínú."

Mo tún un kà. Wọ́n ní Bàbá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló yọ ìbòrí irin tó yẹ kó dáàbò bo ẹni tó ń dán ẹ́ńjìnnì wò, pé a kìlọ̀ fún un, kò gbọ́. Irọ́ ni. Ọ̀gá ló ní ká yọ ọ́ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, torí pé yíyọ ọ́ àti dídá a padà ń gbà wá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan, àwọn oníbàárà sì ń dúró.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ là ń tò, oní-sílíńdà mẹ́rin. Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti Bàbá Ìbejì fi ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa. Òun ló kọ́ mi bí písítìn mẹ́rin ṣe ń lọ sókè sódò nínú ihò wọn, tí iná ń bú gbàmù lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí agbára wọn sì ń yí ọ̀pá gígùn tó wà nísàlẹ̀. Ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì tí à ń pè ní tọ́bò ló fẹ́ràn jù. "Wo èéfín yìí," ó máa ń sọ fún mi, "ẹlòmíì á ní kó máa bá tiẹ̀ lọ. Àwa ò jẹ́ kó lọ lásán." Èéfín tó ń jáde á yí abẹ̀bẹ̀ irin kékeré kan. Òun àti abẹ̀bẹ̀ kejì jọ wà lórí ọ̀pá kan ṣoṣo, èkejì á sì máa fipá ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ pọ̀, epo bẹntiróòlù jó dáadáa, ẹ́ńjìnnì kékeré ń fa bí àgbà. Ṣùgbọ́n eré tí ọ̀pá yẹn ń sá kọjá àfẹnusọ, ọ́ìlì nìkan ló ń gbà á là. Bí ọ́ìlì ò bá dé ibẹ̀, á fọ́, irin á sì máa fò bí ọta ìbọn.

Èmi ni mo so páìpù ọ́ìlì ti ọjọ́ náà. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, kí n mọ̀ pé kò sí ìdọ̀tí tó dí i. N kò ṣe é. Iṣẹ́ ń sáré, èmi náà ń sáré. Bàbá Ìbejì tan ẹ́ńjìnnì náà, ó tẹ̀ ẹ́ débi tó lè dé, ó sì tẹ etí sí i láti gbọ́ ohùn rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tá a fi sáré débẹ̀, irin ti bà á, ó ti ṣubú.

Ọ̀gá rí i pé mò ń lọ́ra. "Bí kì í bá ṣe òun ló yọ ìbòrí," ó rọra sọ ọ́, "wọ́n á béèrè ẹni tó so páìpù. Ìwọ náà lọ́mọ nílé, àbí?"

Mo fọwọ́ sí i.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ ní ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ fa ikú kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ohunkóhun. Wọ́n ní kí Ìyá Ìbejì kó kúrò nínú yàrá méjì tí wọ́n fún ọkọ rẹ̀. Èmi ni wọ́n fi sí ipò Bàbá Ìbejì ní yàrá tá a ti ń dán ẹ́ńjìnnì wò. Wọ́n ra ìbòrí tuntun fún mi.

Lọ́jọ́ tó ń kó lọ, obìnrin náà wá bá mi níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án gangan, ó fa ọmọbìnrin tó wà nínú ìbejì lọ́wọ́. Mo rò pé àṣírí ti tú.

Ó kúnlẹ̀.

"Bọ̀dá, wọ́n ka ìwé yẹn fún mi. Wọ́n ní ẹ sọ fún un pé kó má yọ nǹkan ọ̀hún, kò gbọ́. Irin yẹn ì bá ba ẹ̀yin náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì í, kẹ́ ẹ sì bá mi bẹ àwọn yòókù. Ó lágídí díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣèèyàn burúkú."

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ kọ́kọ́ foríjì í."

Gbogbo ẹ̀rọ ti dákẹ́. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń wò mí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n mi.

"A ti foríjì í," ni mo wí.

Ó fi etí aṣọ nu ojú, ó dìde, ó sì fọwọ́ tọ́ ọmọ náà léjìká. "Dúpẹ́ lọ́wọ́ bọ̀dá."

Ọmọ náà wojú mi. "Ẹ ṣé, sà," ló wí.