Ìyá Tó Jókòó Lé Ọwọ́ Rẹ̀

Olúwafúnmilọ́lá kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe ojo. Ẹ bi wọ́n léèrè ní báǹkì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Lẹ́kkí Phase 1. Àmọ́ bí ọ̀gá rẹ̀ bá ti pè é lórúkọ báyìí, àyà rẹ̀ á já, á sá wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, á tilẹ̀kùn mọ́rí. Ọ̀gá náà ò burú o! Nígbà mìíràn, ó kàn fẹ́ kí i kú iṣẹ́ ni. Àwọn èèyàn ní kó lọ gbààwẹ̀. Ó gbààwẹ̀ títí, ó rù kan eegun, àyà ò yéé já. Ìgbà tó rí dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀dùn ọkàn ni wọ́n bi í pé, "Ta ló máa ń nà yín nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé?" Ló bá bú sẹ́kún.

Ìyá rẹ̀ ni. Ìyá tó ń rán sùtánà fún àwọn ìjọ aláṣọ funfun ní Awoyaya, obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní wọ́n na gbogbo wa, a ò sì kú. Hẹn, ẹ ò kú. Ta ló sọ fún yín pé ikú nìkan ló burú? Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Epo pupa díẹ̀ ló ta sí sùtánà kan lọ́jọ́ kan, àpá pàṣán ọjọ́ náà ṣì wà lẹ́yìn Fúnmi dòní. Bí Ìyá Bàṣírát, aládùúgbò wọn, bá sáré wọlé wá bẹ̀bẹ̀, bí àgbàlagbà ti máa ń ṣe, obìnrin yìí á ní, "Ẹ ṣeun. Nítorí ẹ̀bẹ̀ yín, mo fi kún un." Nígbà tó yá, Ìyá Bàṣírát ò wá mọ́. Ta ló fẹ́ fi ẹ̀bẹ̀ kó bá ọmọ ọlọ́mọ?

Ẹ wá wò ó, nígbà ìsinmi ilé ìwé tó kọjá yìí, kò sẹ́ni tí yóò dúró ti Ìyanu, ọmọ Fúnmi, nílé wọn ní Abraham Adésànyà Estate. Ìyá àgbà ní, "Mú un wá." Kí Fúnmi tó gbà, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ ò gbọdọ̀ na ọmọ yìí o. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá nà án, ẹ ò ní fojú kàn án mọ́." Ìyá wò ó títí, ó ní òun ti gbọ́.

Ìkórè ìjọ ku ọ̀la nígbà tí Fúnmi wá mú ọmọ rẹ̀. Kó tó wọlé ló ti ń gbóòórùn aṣọ tó jó. Sùtánà tuntun tí ìyá rẹ̀ fẹ́ wọ̀ sí ìkórè wà lórí tábìlì, àmì áyọ́ọ̀nù dúdú láyà rẹ̀ gàdàgbà. Bàtà Ìyanu wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyanu fúnra rẹ̀ dà? Ilẹ̀kùn yàrá wà ní títì, kò sóhùn, kò sẹ́kún. Yéè! Ọmọ tí wọ́n bá fi pàṣán tọ́ mọ̀ pé ìgbà tí ẹkún bá dákẹ́ ló burú jù. Fúnmi fọwọ́ ti ògiri, ó mí kanlẹ̀ bí dókítà ṣe kọ́ ọ, ó sì ṣílẹ̀kùn.

Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ìdí lé ọwọ́ méjèèjì. Ìyanu jókòó tì í, òun náà fi ìdí lé ọwọ́ tirẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kí lẹ̀ ń ṣe?" ni Fúnmi bi wọ́n.

"Mọ́mì, mo fẹ́ bá Màmá lọ aṣọ, ló bá jó. Màmá pariwo, wọ́n wá jókòó lé ọwọ́ wọn. Ó ti pẹ́ o, ọwọ́ tèmi ti kú."

Ìyá àgbà ò gbójú sókè. "Mi ò ní parọ́ fún ẹ, Fúnmi. Ọwọ́ mi ti gbéra. Mo bá jókòó lé e." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì lè nù ún, torí ọwọ́ ṣì wà lábẹ́. "Pàṣán ni ìyá tèmi fi tọ́ mi. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn."

Inú Fúnmi dùn, inú sì ń bí i. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ta ló jókòó lé ọwọ́ nítorí tòun rí?

Ìyá àgbà yíjú sí ọmọ-ọmọ rẹ̀. "Ìyanu, bá mi bẹ màmá ẹ."

Ìyanu dìde, ó kúnlẹ̀ níwájú Fúnmi. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí Màmá."

"Kí ni wọ́n ṣe?"

Ìyanu bojú wẹ̀yìn. "Màmá, kí lẹ ṣe?"

"Ó mọ̀ ọ́n," ni ìyá àgbà wí.

Fúnmi jókòó tì wọ́n. Nínú yàrá yìí kan náà, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó gbà á sílẹ̀ rí. Ó fa ọwọ́ ìyá rẹ̀ yọ. Ọwọ́ náà ti kú, ó tutù, Fúnmi sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi tirẹ̀ ra á.

"Màámi, kò tíì tán nínú mi o."

"Mo mọ̀."

"Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Mi ò ní fi kún un."