Ojú Tí Anselme Gbẹ́

Ìwé ìròyìn alàwòrán kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí òkú ṣì wà ní títì Paris, Sátidé ni yóò jáde, àwọn olówó yóò sì máa wò ó bí wọ́n ṣe ń mu kọfí.

Láti tẹ àwòrán sínú rẹ̀, ayàwòrán á kọ́kọ́ ya àwòrán ńlá sórí pátákó tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì so pọ̀ láti ara ègé igi kéékèèké. Ọ̀gá Barbeau á fi irin ṣóńṣó gbẹ́ ibi tí àwọn ègé ti pàdé, kí ìlà má baà yà. Lẹ́yìn náà ni yóò tú nọ́ọ̀tì, tí yóò pín ègé fún àwọn agbẹ́wòrán. Ẹnì kan á gbẹ́ èéfín, ẹlòmíràn á gbẹ́ bàtà. Wọn kì í rí odidi àwòrán mọ́ títí tí wọn yóò fi tẹ̀ ẹ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1871, lẹ́yìn tí ọmọ ogun ìjọba ti fi ìbọn gba ìlú lọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, orí ọkùnrin kan ló wà lórí ègé tó kan Anselme. Ó gbé e sórí ìrọ̀rí awọ, ó sì tẹjú mọ́ ọn. Firmin ni! Àbúrò rẹ̀ tó fara pamọ́ sínú àjà ilé rẹ̀! Inú fọ́tò tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ yà níwájú òkúta tí wọ́n fi dí títì ni ayàwòrán ti rí i.

Théodule, tó jókòó kọjú sí i, bú sẹ́rìn-ín. "Kí ló dé tí o ń wo igi bí ẹni tó pàdé ìyá ìyàwó rẹ̀?"

"Gbẹ́ tìẹ, jàre."

"Tèmi? Ìdí ẹṣin náà ni o! Láti ọjọ́ tí mo ti débí, ìdí ẹṣin! Ọjọ́ wo ni wọ́n máa fún èmi náà ní ojú èèyàn?"

Ọ̀gá Barbeau kọjá. "Anselme, rọra ṣe ojú yẹn o. Awo gíláàsì tí wọ́n fi ya fọ́tò rẹ̀ ti fọ́, kò sì sí òmíràn. Àwòrán wa ni àwọn ọlọ́pàá ń dúró dè."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, ọ̀gá?"

"Ṣé ọmọ àná ni ẹ́? Wọ́n á máa gbé e kiri láti ilé dé ilé. Ẹni tó bá jọ ọ́, ara ògiri ni wọ́n máa mú un dúró sí, wọ́n á sì yìnbọn pa á."

Anselme tẹríba. Ó na imú tó wọ́, ó pa ẹ̀rín rẹ́, ó fi irùngbọ̀n sí i. Ṣùgbọ́n agbẹ́wòrán kì í dá ojú rò; ìlà ayàwòrán ló ń tọ̀. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ìlà, ibo ni ọwọ́ rẹ̀ yóò gbà? Lórí igi, òdìkejì ni àwòrán máa ń wà, ọ̀tún ni òsì, ojú ojúlùmọ̀ a sì máa dà bíi ti àjèjì. Kò mọ ohun tí òun gbẹ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, ó gbé ìwé ìròyìn àti ọbẹ̀ àlùbọ́sà gòkè lọ bá Firmin. Firmin rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti pa mí rẹ́!" Ó tún un wò. "Àbí ọ̀rẹ́ yín kọ́ nìyí? Èyí tó máa ń wá bá yín mu wáìnì?"

Anselme wò ó. Irùngbọ̀n Théodule nìyẹn. Etí Théodule tó yọ síta nìyẹn.

Kò mọ ibi tí Théodule ń gbé. Nígbà tó sáré dé ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ọlọ́pàá ti di Théodule mú. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọ̀gá, ìdí ẹṣin lèmi gbẹ́! Anselme, ìwọ lo gbẹ́ orí yẹn, sọ fún wọn pé èmi kọ́!"

Ọlọ́pàá yíjú sí Anselme. "Ṣé bí wọ́n ṣe yà á lo ṣe gbẹ́ ẹ?"

Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò béèrè ojú ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá Barbeau, tó ti rí àwòrán náà kí wọ́n tó pín in, ilẹ̀ ló ń wò. Ìwé ìròyìn wo ló máa sọ pé òun ṣe àṣìṣe?

"Bí wọ́n ṣe yà á ni," Anselme wí.

Ẹ̀rín Théodule kú. "Anselme?" Wọ́n wọ́ ọ jáde.

Ọ̀gá gbé ègé tí Théodule kò tíì parí síwájú Anselme. "Parí ẹ. Sátidé ń bọ̀."

Ìdí ẹṣin ni. Anselme gbé e sórí ìrọ̀rí awọ, ó mú irin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́.