Ìkòkò Tí A Kì Í Fọ̀

"Mọ́mì, ẹ fi ìkòkò yẹn sílẹ̀. Obìnrin tó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù ti ń bọ̀ lọ́nà."

Suk-Wah kò fi í sílẹ̀. Ó bu omi tuntun sínú omi ẹran tó wà nínú rẹ̀, ó ju èso gbígbẹ onírìsí ìràwọ̀ sí i láìkà á, bí ó ti ń ṣe ní àràárọ̀ kí ó tó mu tíì tirẹ̀. Bàbá ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé ìkòkò náà kaná, ní ọdún tí ẹ̀rọ ìfọṣọ wọ ilé àwọn ará Liverpool, tí kò sí ẹni tó tún gbé ṣẹ́ẹ̀tì wá sí ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ rẹ̀ fún un láti lọ̀ mọ́, tí bàbá náà sì sọ ibẹ̀ di ilé oúnjẹ. Wọn kì í fọ ìkòkò náà, wọn kì í sì í jẹ́ kí omi inú rẹ̀ tán. Áyọ́ọ̀nù bàbá náà ló ṣì ń tẹ ọmọrí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ Suk-Wah ti kú nígbà òtútù tó kọjá, òun nìkan ló ku nídìí iná, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè gbé páànù mọ́.

"Tí ìwọ bá dúró ńkọ́?" ni ó bi ọmọ rẹ̀.

Lok-Yi, tí ó ń yàwòrán ilé fún iléeṣẹ́ kan ní àárín ìgboro, rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ta ló fi ṣíbí ọbẹ̀ lé mi jáde ní kíṣìnnì? Ta ló ní ìwé ni kí n gbá mú?"

"Èmi ni."

"Mo gbọ́ràn, Mọ́mì."

Ruilan, obìnrin tó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù náà, wọlé. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí òun àti ọkọ rẹ̀ dé láti Fujian ní China. Ó kí wọn, ó sì yọjú sí ìdí iná.

"Màmá, ṣé ẹ máa fi èyí náà sílẹ̀? Ìyá mi àgbà ní irú ẹ̀ nílé. Mi ò rí i gbé wọ ọkọ̀ òfurufú."

Suk-Wah wo ọwọ́ Ruilan. Àpá iná kún un, bíi ti Suk-Wah fúnra rẹ̀.

"Omi ṣáájú tíì, ní àràárọ̀. Ọjọ́ tó o bá fọ̀ ọ́, o pa bàbá ọkọ mi lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn."

"Mo ti gbọ́, Màmá. Èso ìràwọ̀ ńkọ́? Mélòó ni?"

Suk-Wah la ẹnu. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹnu rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

"Mẹ́rin," ni Lok-Yi wí láti ibi káńtà, kò gbójú sókè. "Márùn-ún tí òjò bá máa rọ̀. Dádì máa ń fọ́ ọ̀kan sí méjì."

Ìyá rẹ̀ yíjú sí i. Títí ọmọ yìí fi jáde ilé ẹ̀kọ́, ibi káńtà yẹn ló ń jókòó sí, ìwé níwájú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sí kíṣìnnì.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Kò sẹ́ni. Mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń bọ́ sínú omi."

Suk-Wah fi ọwọ́ méjèèjì gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí ọmọrí, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó tú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù kúrò ní okùn épíróònù rẹ̀, ó fi í lé orí ọmọrí níwájú Ruilan, níbi tí áyọ́ọ̀nù wà tẹ́lẹ̀.

Ó bojú wo ojú ọ̀run láti fèrèsé.

"Òjò máa rọ̀ lọ́la," ni ó wí fún Ruilan. "Fi márùn-ún sí i."