Ọkọ̀ Tí Kò Ní Kílọ́ọ̀ṣì

Ọ̀rọ̀ mọ́tò náà ti sú mi kí n tó fojú kàn án. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbọ́ ní Ifọ̀ pé Àlájì Mùtàlíbù ń ra Bùíkì, ayọ́kẹ́lẹ́ Àmẹ́ríkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ò sinmi mọ́. Ilé wa ló kọjú sí gáréèjì. Bẹ́ǹṣì wà níbẹ̀, omi tútù wà nínú àmù, ọkọ mi, Sàlísù dẹ̀rẹ́bà lọ́rì, sì wà níbẹ̀ tí kò lè dìde lé ẹnikẹ́ni. Kí ni ọkùnrin tó fẹ́ jiyàn tún ń wá?

Èmi a jókòó sídìí ògiri, n óo máa bó obì. Obì Àlájì kan náà ni. Òun ló ń kó o sí rélùwéè lọ sí Kánò, àwa obìnrin la sì ń bó o fún un títí èékánná wa fi ń pọ́n bí ẹni lé làálì. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ń pariwo pé Àlájì ló ra mọ́tò, ọwọ́ mi ni mo máa ń wò.

Àwọn méjì ló máa ń ṣáájú ìjà náà. Ọ̀kan ni Lásúnkànmí, akọ̀wé tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdó rélùwéè, tó gé àwòrán mọ́tò ọ̀hún nínú ìwé ìròyìn, tó sì ń gbé e kiri nínú àpò àyà. Èkejì ni Ṣàràfá, mẹkáníìkì tí kò tíì láya nílé, tó fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì ju oúnjẹ lọ.

"Agbára ẹṣin tó lé ní igba ló wà nínú ẹ́ńjìnnì yìí!" Lásúnkànmí ń fi ìka gbá àwòrán rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí rélùwéè gbéra ní Ifọ̀, kí mọ́tò yìí náà gbéra. Kí rélùwéè tó dé Wásinmi, Àlájì á ti jẹun tán l'Ábẹ́òkúta."

Mo bi í pé ta ni yóò máa já koríko fún igba ẹṣin.

"Ẹ̀gbọ́n Lásún, ẹ gbọ́ tèmi," Ṣàràfá ní tiẹ̀ ti dìde dúró. "Epo tí mọ́tò yẹn máa mu, Àlájì á fẹ́rẹ̀ẹ́ ta ilé. Mọ́tò Gẹ̀ẹ́sì ló le. Ẹ wo Bẹ́dífọ́ọ̀dù tí Bàbá wa yìí ń wà, ṣé ó tíì kú?"

"Lọ́rì lo fẹ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bùíkì? O ò mọ nǹkan kan ju gírísì lọ."

"Èmi ni mi ò mọ nǹkan kan? Ẹ̀yin tẹ́ ò wa kẹ̀kẹ́ rí!"

Báyìí ni wọ́n ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo. Wọn ò rí mọ́tò náà rí, wọn ò gbóòórùn rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ara wọn láṣọ ya lórí rẹ̀. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Ṣàràfá ju ọ̀rọ̀ tó rò pé yóò pa iyàn náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n bi yín. Mọ́tò tí ò ní kílọ́ọ̀ṣì, ṣé mọ́tò nìyẹn? Ó ń pààrọ̀ gíà fúnra ẹ̀ ni! Dẹ̀rẹ́bà á kàn jókòó bí ìyàwó. Nǹkan ìtìjú gbáà ni fún ọkùnrin."

Orí ẹní ni ọkọ mi wà, ó na ẹsẹ̀ òsì síwájú. Ó gbójú sókè.

"Ṣàràfá, tún un sọ. Kò ní kílọ́ọ̀ṣì rárá?"

"Kò ní, Bàbá. Tọ́tù tí wọ́n fi ń sáré àti búréèkì nìkan. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló níṣẹ́."

Sàlísù wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀, obì tó wà lọ́wọ́ mi sì bọ́ sílẹ̀.

Láti ìgbà ogun Hítílà ni Sàlísù ti ń wa lọ́rì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì lọ́rì àtijọ́ kí gíà kan tó wọlé, ọkùnrin tí kò bá lágbára ò lè tẹ̀ ẹ́ délẹ̀. Láti Èkó dé Abẹ́òkúta, láti Abẹ́òkúta dé Èkó, orúnkún òsì ló ń jìyà rẹ̀. Ó ti di pé kò lè ká a jókòó lórí ìrun mọ́, orí àpótí ló ti ń kírun. Lóṣù tó ṣáájú, ní òkè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pápálańtò, ẹsẹ̀ náà kọ̀ jálẹ̀. Lọ́rì fẹ̀yìn rìn tèrò-tèrò, igi kan ló gbà wọ́n. Èmi nìkan ló sọ òtítọ́ fún. Ó sọ fún olówó lọ́rì pé ọ̀nà ló ń yọ̀.

Bó bá tún wa lọ́rì yẹn fún ìgbà díẹ̀ sí i, yóò pa èrò tàbí kó pa ara rẹ̀. Bí kò bá sì wà á, a ò ní oko, a ò ní ìsọ̀, Hàfísátù ọmọ wa sì ṣì wà nílé ìwé. Ìyẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn nígbà tí àwọn kan ń jà lórí igba ẹṣin.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo gbé obì lọ fún Àlájì, mo kúnlẹ̀, mi ò sì dìde.

"Àlájì, ẹ ṣàánú mi. Mọ́tò tẹ́ ẹ ń rà yìí, Bàbá Hàfísá ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà á."

Ó wò mí títí. Kì í ṣe èèyàn burúkú, kò kàn fẹ́ràn kí nǹkan rẹ̀ bàjẹ́ ni.

"Sàlísù dẹ̀rẹ́bà dáadáa ni, mi ò jiyàn. Jímọ̀ọ̀ tó ń bọ̀, tá a bá kírun tán, kó wá gbé mi lọ sí Abẹ́òkúta. Bó bá gbé mi lọ, tó gbé mi bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, iṣẹ́ ti di tiẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, Ṣàràfá náà ti wá bẹ̀ mí."

Ṣàràfá o! Ṣàràfá tó ní nǹkan ìtìjú gbáà ni.

Mọ́tò dé lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀. Mo fẹ́ kórìíra rẹ̀, àmọ́ ó rẹwà. Funfun ni lókè, búlúù ni nísàlẹ̀, irin dídán yí i ká, ó gùn débi pé ìdí rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà nígbà tí orí rẹ̀ ti wọ gáréèjì. Àwọn tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ ò lọ sílé. Àwọn tó ń ta ìrẹsì láti Ọ̀fàdà gbé ẹrù wọn kalẹ̀. Lásúnkànmí fi àwọn tó fẹ́ wọ rélùwéè sílẹ̀ lẹ́nu wíńdò, ó wá ń na àwòrán rẹ̀ sí mọ́tò, ó ń kà á fún un bí ẹni pé mọ́tò náà ò mọ ara rẹ̀. Wọ́n jiyàn lórí iná ẹ̀yìn, wọ́n jiyàn lórí táyà, wọ́n jiyàn lórí sítíárì tó wà lápá òsì. Ọkùnrin kan ní bàlúù ni wọ́n yọ apá rẹ̀. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ú.

Sàlísù wọ agbádá funfun rẹ̀. Ó rọra wọlé, ó fọwọ́ gbé ẹsẹ̀ òsì wọlé tẹ̀lé e. Àlájì ní iwájú lòun náà fẹ́ jókòó kóun lè rí bí ó ṣe ń sáré.

Mọ́tò gbéra. Ariwo ò sí níbẹ̀ rárá, ó ṣáà ń lọ ni. Ó kọjá iwájú ilé wa, ó ku díẹ̀ kó bọ́ sójú títì, ẹ́ńjìnnì wá gbóhùn sókè díẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì lọ́rì ti máa ń ṣe nígbà tó bá ń bèèrè gíà kejì. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mọ́tò náà dúró gbagidi. Fìlà Àlájì fò, iwájú orí rẹ̀ gbá gíláàsì. Gbogbo gáréèjì ké yéè.

"Búréèkì ló tẹ̀!" Ṣàràfá ń fò sókè. "Ẹsẹ̀ òsì Bàbá rò pé kílọ́ọ̀ṣì ni! Búréèkì ẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ, ibi tí kílọ́ọ̀ṣì ń wà ló dé!"

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Sàlísù bojú wẹ̀yìn, ojú èmi àtirẹ̀ sì ṣe mẹ́rin. Ẹsẹ̀ tó kọ̀ fún un lórí òkè, tó kọ̀ fún un lórí ìrun, òun ló dìde fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó rán an.

Ó tún gbéra. Ẹ́ńjìnnì tún gbóhùn sókè, mọ́tò tún dúró gbagidi. Lọ́tẹ̀ yìí àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àlájì sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ mú kókó tó yọ níwájú orí rẹ̀.

"Sàlísù, ó tó bẹ́ẹ̀. Ṣàràfá dà?"

Ṣàràfá ti ń nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò.

Ọkọ mi ò sọ̀ kalẹ̀. Ó di sítíárì mú. "Àlájì, ẹ ní sùúrù fún mi lẹ́ẹ̀kan péré sí i." Ó wá pè mí lójú gbogbo ènìyàn. "Ìyá Hàfísá, tú ọ̀já ìdí rẹ, kó o mú un wá."

Mo lọ bá a lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"So ẹsẹ̀ yìí mọ́ irin ìdí àga."

"Bàbá Hàfísá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ojú ń tì mí, inú sì ń bí mi. Ó ń bí mi sí Àlájì, sí mọ́tò, sí gbogbo ọkùnrin tó dúró síbẹ̀ tó la ẹnu sílẹ̀, sí orúnkún tó jẹ́ pé èmi ni mò ń fi òrí pa á ní gbogbo òru.

"Mo bẹ̀ ọ́ ni," ó ní.

Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, kò bẹ̀ mí rí. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku, mo gba ọ̀já náà yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, mo fà á gba abẹ́ àga, mo so ó bí ẹni so àgbò mọ́lẹ̀.

"Ṣé kò le jù?"

"Kò le tó. Tún un so."

Mo tún un so. Àlájì wò wá, ó mi orí, ó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló jókòó sí.

Mọ́tò náà gbéra, ó bọ́ sójú títì, ohùn rẹ̀ gòkè, kò sì dúró. Ó lọ. Mo rò pé wọn yóò sọ nǹkan kan nípa ohun tí wọ́n rí.

"Ẹ rí bó ṣe gbéra!" Lásúnkànmí ló kọ́kọ́ lanu.

"Kò ké rárá," Ṣàràfá dá a lóhùn. Ó ti pàdánù iṣẹ́, àmọ́ ẹ̀rín ló wà lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, mo gbà fún yín. Mọ́tò ni."

Ni wọ́n bá fa bẹ́ǹṣì mi, wọ́n jókòó, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń jiyàn bóyá ó ti dé Pápálańtò. Ó rẹ̀ mí débi pé mi ò lè lé wọn, mi ò sì lè bó obì. Mo kàn jókòó, mo ń fọwọ́ di ìró mi mú.

Wọ́n ti kírun Àlàásárì tán kí Àlájì àti ọkọ mi tó dé. Àlájì ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ẹ gbé omi sínú mọ́tò yìí kí Sàlísù wà á, kò ní í dà! Ọ̀la, lẹ́yìn Àsúbáà, Èkó là ń lọ."

Mo ní àlùhámúdùlíláì. Èrò ya bo mọ́tò. Ṣàràfá dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. "Bàbá, ẹ kú oríire! Máìlì mélòó lẹ sá dé?" Lásúnkànmí ní òótọ́ ni kí wọ́n sọ fóun, ó ti mú pẹ́ńsù dání. Sàlísù ń rẹ́rìn-ín, ó ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kò sọ̀ kalẹ̀. Mo gba àárín wọn kọjá, mo ṣílẹ̀kùn.

Ọ̀já náà ti lọ́ di okùn, ó ti wọ inú ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ibi tó kàn ti bó, ẹ̀jẹ̀ ti kán sínú bàtà rẹ̀.

"Ta ló ṣe yín báyìí?"

"Ẹsẹ̀ yìí náà ni," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ kí wọ́n má baà gbọ́. "Kò dáwọ́ dúró. Ní àlọ, ní àbọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dún, á fẹ́ lọ tẹ kílọ́ọ̀ṣì." Omi wà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀. "A ti rí iṣẹ́, Ìyá Hàfísá."

Inú mi dùn. Mo kúnlẹ̀, mo nawọ́ sí ìdí ọ̀já kí n tú u.

Ó yára di ọwọ́ mi mú.

"Fi í sílẹ̀ ná. Àlájì ní kí n má tíì pa ẹ́ńjìnnì, àwọn èèyàn yìí fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀."