Egungun Tí Ó Ti Peru Bọ̀

Igbe ni Choi-ngo kọ́kọ́ gbọ́. Ó ń sá ìrẹsì lẹ́yìnkùlé, ó ń fi ọwọ́ tú u kí oòrùn lè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ni ariwo bá sọ létí adágún ẹja: "Amí ìgárá! Ẹ má jẹ́ kó lọ! Ẹ pa á!"

Lọ́dún náà, kò sí abúlé kan ní gbogbo Toisan, ní ilẹ̀ Ṣáínà, tí kì í bẹ̀rù ìgárá. Ilé tí ọkùnrin rẹ̀ bá wà lókè òkun, tó ń fowó ránṣẹ́, ni wọ́n máa ń já wọ̀. Ìdílé Kwan ti sin èèyàn mẹ́ta láàárín oṣù méjì, nítorí náà, lílù ni wọ́n fi ń kí àlejò káàbọ̀.

Nígbà tí Choi-ngo fi máa dé ibẹ̀, ọkùnrin náà ti wà nílẹ̀. Ọ̀dọ́ ni, bí ọmọ ogún ọdún. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti wú débi pé kò ṣeé là mọ́, ẹ̀jẹ̀ sì bo ètè rẹ̀. Hok-sau, ẹ̀gbọ́n ọkọ Choi-ngo, ló dúró lé e lórí pẹ̀lú ọ̀pá ọparun tí wọ́n fi ń ru omi. Ó tún là á mọ́ ọn léjìká, kà! Ọmọ náà kò fi ọwọ́ bo orí. Àpótí igi kékeré kan ló dì mọ́ àyà.

"Kí ló wà nínú ẹ̀? Ìbọn, àbí kí ni?" Chung-kei, ọmọ Hok-sau, ló béèrè.

"Bàbá mi ni." Ó ń sọ èdè ilé bí ẹni tó kọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo. "Ẹ jọ̀ọ́. Peru ni mo ti gbé e wá, ká lè sin ín sílé. Kwan Chung-yan lorúkọ mi. Ọmọ Kwan Hok-man ni mí."

Nínú ìdílé Kwan, ìran kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ ń jẹ́: Hok ni ti àwọn bàbá, Chung ni ti àwọn ọmọ. Àjèjì kì í ṣèèṣì jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

"Irọ́ ni!" Hok-sau figbe ta. "Ó ti pé ọdún méjìlá tí Hok-man kú, kò sì bímọ. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú ìwé ìran. Ṣé òkú ló bí ẹ ni, ọmọ àlè?"

"Ọdún tó kọjá ni Bàbá kú, sà. Ọdọọdún ló ń kọ lẹ́tà sí Ìyá Ńlá."

"Ìyá Ńlá wo?" Choi-ngo ló béèrè.

"Ìyàwó tó fi sílẹ̀ nílé. Choi-ngo."

Choi-ngo ti wọ aṣọ funfun ọ̀fọ̀ fún ọkùnrin tó ń mí. Ó ti kó jáde nínú ilé ọkọ rẹ̀ fún Chung-kei, ó wá ń sùn ní yàrá tí wọ́n ń kó igi ìdáná sí. Kò mọ̀wé. Hok-sau ló ń ka lẹ́tà fún gbogbo agbo ilé.

Chung-kei ta àpótí náà nípàá. Igi fọ́, egungun sì túká sórí ẹrẹ̀. Àwọn èèyàn fò sẹ́yìn. Egungun ojúgun kan yí dé ẹsẹ̀ Choi-ngo, ó so kókó láàárín, ó sì wọ́ bí ẹ̀ka tó ṣẹ́ tó tún jinná. Choi-ngo mọ kókó yẹn. Oṣù mẹ́rin ló fi ń fi omi gbígbóná jó o, lẹ́yìn tí Hok-sau fi ọkọ́ dá ojúgun àbúrò rẹ̀ nítorí ààlà oko. Ìjà yẹn ló lé Hok-man wọ ọkọ̀ òkun.

"Bàbá Chung-kei," ó ní, ohùn rẹ̀ kò sókè. "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ yín."

Hok-sau wò ó. Ó he egungun náà nílẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́ mọ́ àpáta, ó sì gbé òkúta sókè láti fọ́ ọ. Àdá ẹnì kan wà nílẹ̀. Choi-ngo kò rántí ìgbà tó mú un. Ó gbé e sókè, ó là á mọ́ ọwọ́ Hok-sau, ìka méjì sì fò sínú koríko.

Hok-sau ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń dúńbú. Chung-kei gbá Choi-ngo nírun mú, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta á nípàá lẹ́gbẹ̀ẹ́, títí nǹkan fi ṣẹ́ nínú rẹ̀. Ọmọ Peru náà wọ́ tuurutu dé ibẹ̀, ó ki eyín bọ ẹsẹ̀ Chung-kei, kò sì tú u sílẹ̀.

"Ó tó!" Bàbá Yee-tong ni, tó dàgbà jù nínú ìdílé. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbá Chung-kei létí, òun fúnra rẹ̀ wá jókòó sórí ẹrẹ̀, ó sì fi ìka tọ kókó egungun náà. "Èmi ni mo fi pákó di ẹsẹ̀ yìí. Hok-man nìyí. Ẹ lọ tú ilé Hok-sau."

Lẹ́tà mọ́kànlá ni wọ́n bá nínú ìkòkò tí wọ́n ń kó ẹyin pẹ́pẹ́yẹ oníyọ̀ sí.

Wọ́n gba ìwé ìran lọ́wọ́ Hok-sau, wọ́n sì lé Chung-kei jáde nínú ilé tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n lé Choi-ngo náà, torí obìnrin kì í ta ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ sílẹ̀. Bàbá Yee-tong ní kó kúnlẹ̀ níwájú ojúbọ àwọn baba ńlá láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó kúnlẹ̀ tòun ti egungun ìhà tó ṣẹ́, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni.

Ojú ọ̀tún Chung-yan kò là mọ́ láéláé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìran, Bàbá Yee-tong béèrè orúkọ ìyá tó bí i.

"Jacinta, sà."

"Irú orúkọ wo nìyẹn? Kò ṣeé kọ."

"Ẹ kọ ọ́ bó ṣe ń dún," Choi-ngo dáhùn láti ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin egungun tán, ó bu ìrẹsì fún ọmọ náà, ó sì jókòó kọ ẹ̀yìn sí i, torí ó jọ Hok-man púpọ̀. Àwọn lẹ́tà náà wà láàárín wọn. Ọmọ náà pàápàá kò mọ ìwé ilé kà.

"Ṣé bàbá ẹ máa ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀?"

"Tó bá ti mutí, Ìyá Ńlá. Á máa rín, á máa fi àwọn àna yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàápàá."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Choi-ngo. Ìhà dùn ún wọra. Ó fi ọwọ́ dì í mú, ó sì tún rín.