Àléébù Ilẹ̀ Lokogoma

Nígbà tí Jamilah sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ti fi ẹ̀kọ́ nípa omi kún ẹ̀kọ́ ìṣirò owó tí òun ń kọ́ ní yunifásítì, ṣe ni Jàbárù yọ ṣùtì. Ó ní kí ló wà nínú omi tí wọ́n ń kọ́? Òjò ń rọ̀ láti òkè, omi ń lọ sí ìsàlẹ̀, ewúrẹ́ pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ ọmọ rẹ̀ ní Mai Ruwa, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn Hausa tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta omi kiri Durumi, àdúgbò wọn ní Àbújá. Bí àlejò bá béèrè omi mímu, á ní kí Mai Ruwa gbé e wá, torí ẹ̀ ni òun ṣe ń san owó ilé ìwé. Àlejò á rẹ́rìn-ín. Jamilah á gbé omi wá, á kúnlẹ̀ gbé e fún wọn.

Ká má parọ́, Jàbárù ní ohun tó lè fi yangàn. Nínú àwọn ará Ìlọrin tó ń ta aṣọ ní ọjà Wúsè, kò sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ mọ́ tó tirẹ̀. Kó tó gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, á tú aṣọ náà, á wá ibi tó ya tàbí ibi tó ṣá, á fi ìka lé e. Á ní, "Àléébù rẹ̀ nìyí. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ ká jọ ná an." Láti kékeré ni Jamilah ti ń gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá sì fi ọjà tó bàjẹ́ rẹ́ oníbàárà jẹ, onítọ̀hún lè kí Jàbárù ní sálámà títí, kò ní dá a lóhùn. Ó ti kọ́ gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí láti máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ló lọ wo ilẹ̀ kan ní Lokogoma. Ìgbà ọyẹ́ náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n Àbújá ń ra ilẹ̀, torí pé ọ̀nà gbẹ, bàtà ò sì ní dọ̀tí. Jamilah bá a lọ. Ó wo àwọn òkè tó yí ibẹ̀ ká, ó wo òkúta róbótó tó fọ́n sílẹ̀, irú èyí tí omi ti yí títí tó fi dán.

Ó ní, "Dádì, ojú odò lèyí. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ sórí àwọn òkè yẹn, ibí lomi ẹ̀ ń gbà kọjá."

Bàbá rẹ̀ fi bàtà gbá eruku. "Odò dà? Fi hàn mí kí n ṣe àlùwàlá." Ẹni tó ń ta ilẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Omi yẹn nìkan ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Jàbárù ra ilẹ̀, ó mọ ògiri yí i ká. Òjò dé, omi sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ó wó ògiri iwájú, ó wó ti ẹ̀yìn, ó sì fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ ní àárín. Jàbárù ò pe ẹnikẹ́ni ní Mai Ruwa mọ́. Jamilah rò pé ojú ń tì í ni, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Ó fi àánú ṣòfò.

Nígbà tí ọyẹ́ padà dé, bàbá rẹ̀ tún ògiri mọ, ó kùn ún ní ọ̀dà funfun, ó da yanrìn bo ẹrẹ̀. Ó wá pe ọmọ rẹ̀ sí pálọ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Jamilah, ọmọ mi. Saeed tó ń ta àwo, ọ̀rẹ́ mi ní mọ́ṣáláṣí, fẹ́ ra ilẹ̀ yẹn, ó fẹ́ kọ́lé síbẹ̀ kó lè mú ìyá ẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó gbọ́ pé o ń kọ́ ẹ̀kọ́ omi, ó ní ọ̀rọ̀ ẹ lòun máa gbà. Ṣáà sọ fún un pé ibẹ̀ dáa."

"Dádì, ṣé ẹ ti fi àléébù ẹ̀ hàn wọ́n?"

"Ilẹ̀ kì í ṣe aṣọ. Ẹ̀kọ́ tí mò ń náwó sí, jẹ́ kó wúlò fún mi lẹ́ẹ̀kan."

Jamilah wò ó láti òkè délẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí bàbá rẹ̀ ti ń fi ṣẹ̀sín níwájú àlejò ti wá níyì lójú rẹ̀, nígbà tó fẹ́ fi parọ́. Bàbá tó ń wò yìí kò níyì lójú Jamilah mọ́. Ó ní òun á tẹ̀ lé wọn lọ.

Ní Lokogoma, Saeed ń rìn kiri, ó ń fọwọ́ kan ògiri tuntun, ó ń yìn ín. Jàbárù na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀. "Ọ̀jọ̀gbọ́n wa nìyí, ẹ bi í."

Jamilah kúnlẹ̀ kí Saeed. Kò dìde. Ibi tó kúnlẹ̀ sí ló ti fi ọwọ́ gbá yanrìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí tó fi kan ẹrẹ̀ tó gbẹ, ó hú òkúta róbótó kan jáde, ó fi ìka lé e bí bàbá rẹ̀ ṣe ń fi ìka lé ojú aṣọ tó ya.

"Àlájì, àléébù rẹ̀ nìyí. Ojú odò ni. Omi ti wó ògiri yìí nígbà òjò, ṣe ni wọ́n tún un mọ. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ, kí ẹ̀yin àti Dádì jọ ná an."

Saeed wo òkúta náà. Ó wo Jàbárù. Ó ṣàdúà fún Jamilah, ó yí padà, ó ń lọ síbi mọ́tò rẹ̀.

Jàbárù sáré tẹ̀ lé e. Ó kí i ní sálámà. Ó tún kí i, ó gbé ohùn sókè kó lè dá a lójú pé Saeed gbọ́.

Saeed wọ mọ́tò rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.