Bàtà Tó Ń Tẹ̀lé Tinúadé

Bí Tinúadé ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Pẹn Sínímà báyìí, bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́. Kò sí bàtà mìíràn tó ń ké bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Agége. Ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ṣí, ó ń gbá ilẹ̀ pà, pà, pà. Catherine ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà ti bẹ̀ ẹ́ títí kó gbé e lọ fún ṣùmékà, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà ò gbọ́.

"Ẹ káàbọ̀, Bọ̀ọ̀dá," ni Tinúadé wí sínú. Ó na ọ̀pá funfun rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Àdéhùn tí wọ́n jọ ṣe kọ́ nìyí. Ilésanmí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọ́ ilé sí Ìfọ̀, òpin oṣù ni gbogbo wọn fẹ́ kó kúrò ní Abúlé Ẹ̀gbá. Ó ní kí Tinúadé fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó máa bá àwọn kálọ, torí Catherine tó ń mú un lọ síbi iṣẹ́ tó tún ń mú un bọ̀ kò ní lè máa ti Ìfọ̀ wá lójoojúmọ́. Tinúadé ní òun ò lọ síbì kankan. Òun ló ń gba fóònù nílé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ọgbà. Ẹni tó bá pe ilé iṣẹ́ náà, ohùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, òun ni yóò sì so ó mọ́ ẹni tó ń wá. Sùlíyá tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì ti bá a rí yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

"Ìwọ nìkan? Nínú Èkó yìí?" ni Ilésanmí bi í.

"Èmi nìkan, Bọ̀ọ̀dá."

"Ó dáa. Lọ síbi iṣẹ́ ọ̀sán lọ́jọ́ Jímọ̀ láìsí Catherine. Bí o bá débẹ̀ láìsí wàhálà, n ò ní í sọ̀rọ̀ mọ́. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́nà, Ìfọ̀ yá."

Tinúadé gbà. Ẹ wá wo tíṣà tó tọrọ àyè níléèwé, tó wá ń yọ́ tẹ̀lé àbúrò rẹ̀ bí ológbò. Adìyẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ wọn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Àbúrò ń gbọ́ bàtà lẹ́yìn, àyà ẹ̀gbọ́n sì ń já ní gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá fọn fèrè.

Kì í ṣe pé Tinúadé ò mọ̀nà. Àìsàn èyi ló ba ojú rẹ̀ jẹ́ ní kékeré, kò tiẹ̀ rántí bí ìmọ́lẹ̀ ti rí mọ́. Àmọ́ iléèwé tó ti kọ́ iṣẹ́ fóònù náà ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá rìn, kò sì fi eré kọ́ ọ. Ní Pẹn Sínímà, iwájú àwọn tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì ni yóò ti sọdá. Tó bá sọdá tán, ọkọ̀ Ọgbà wà lápá ọ̀tún. Ó dúró létí títì, ó ń fetí sí ìgbà tí mọ́tò yóò dínkù.

Ibẹ̀ ló wà tí ẹnì kan fi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"O káre, ọmọ mi." Ohùn àgbàlagbà ni, ohùn ará Ògbómọ̀ṣọ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le, òórùn gọ́ọ̀mù àti igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là sì ń bẹ lára rẹ̀. "Jẹ́ n mú ọ sọdá."

"Ẹ ṣé, bàbá. Ẹ jẹ́ kí èmi di apá tiyín mú."

Bàbá ò gbọ́. Wọ́n sọdá. Níbi tó yẹ kó ti fi í sílẹ̀, ńṣe ló tún fún ọwọ́ náà mọ́, ó yà sápá òsì, ó ń fà á lọ bí ẹni fa ewúrẹ́.

"Bàbá, apá ọ̀tún ni mò ń lọ."

"Mo mọ̀, ọmọ mi, mo mọ̀. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀."

Ariwo mọ́tò ń jìnnà sí wọn. Ìpè ìrun gba orí wọn kan láti òkè mọ́ṣáláṣí. Lẹ́yìn náà ni Tinúadé wá gbọ́ "Ẹ ṣàánú wa nítorí Ọlọ́run" lẹ́nu èèyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú abọ́ páànù tó ń dún woroworo. Bàbá tẹ èjìká rẹ̀ wálẹ̀ pẹ̀lẹ́.

"Jókòó síbí. Èrò pọ̀ lónìí, Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i."

"Ta lẹ tún mú wá?" obìnrin kan ké láti ilẹ̀. "Ibí yìí ti kún! Ṣé ẹni tó bá ṣáà ti fọ́jú lẹ máa kó wá bá wa ni? Láti òwúrọ̀ làwa ti gba ààyè tiwa o!"

"Ẹ má bínú, mà, n kì í ṣagbe," ni Tinúadé wí. "Bàbá, ibi iṣẹ́ ni mò ń lọ."

"Iṣẹ́ náà kọ́ nìyí, ọmọ mi?" ni bàbá bi í, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá.

Ojú ti Tinúadé, inú sì bí i. Aṣọ tó lọ̀ dáadáa kó tó jáde, àpò tó gbé kọ́ èjìká, bàbá ò rí ìkankan nínú wọn. Ọ̀pá funfun nìkan ló rí. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ló fẹ́ gbà á lẹ́nu, àfi bí igbe ṣe ta.

"Gbọ́mọgbọ́mọ! Ó ti gbé àbúrò mi lọ! Ẹ gbà mí o!"

Ohùn Ilésanmí ni. Èrò tó ń rọ́ lọ kírun ti gba àárín wọn, kò rí àbúrò rẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ láàárín àwọn alágbe mọ́, ọkàn rẹ̀ sì fò lọ. Ọdún kejì ìjọba alágbádá nìyẹn, ìròyìn gbọ́mọgbọ́mọ gba ìgboro kan, wọ́n ní afọ́jú àti abuké ni wọ́n fi ń ṣoògùn owó. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, ọ̀rọ̀ di bó ò lọ, o yà fún mi. Ilésanmí nàka sí bàbá, wọ́n sì bò ó.

"Àgbàlagbà ìkà!"

"Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín! Àlàmú káfíńtà ni mí! Wọ́n mọ̀ mí ládùúgbò yìí!"

Aṣọ ya fàà. Ẹnì kan ní, "Táyà dà? Ẹ wá táyà wá!"

Ẹ̀rù ba Tinúadé, ẹ̀rù gidi. Ó mọ̀ pé bí àgbàlagbà yìí bá kú sí ọ̀rọ̀ òun, kò tún sí ẹni tí yóò jẹ́ kí òun dá jáde mọ́, òun náà ò sì ní lè dárí ji ara òun. Ó dìde, ó fi ọ̀pá ṣáájú, ó kọjú síbi tí bàbá ti ń ké.

"Ẹ yà fún mi! Èmi ni wọ́n ní wọ́n gbé!"

Kò fi ẹkún sí i. Ohùn tó fi ń tu oníbàárà tó ń bínú nínú lórí fóònù ló lò, àfi pé ó gbé e sókè. Ọ̀pá kan ẹsẹ̀ tibí, ó kan ẹsẹ̀ tọ̀hún, àwọn èèyàn ń yà. Ó wá ọwọ́ líle náà kàn. Ó dì í mú.

"Ẹ wò mí dáadáa. Ṣé ẹni tó fẹ́ gbé èèyàn lọ máa ń gbé e wá síwájú mọ́ṣáláṣí lójú gbogbo ayé? Bàbá rí afọ́jú lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n rò pé agbe ni mò ń lọ ṣe, wọ́n bá mú mi wá síbi iṣẹ́. Ẹ bi ìyá tó jókòó sọ́hùn-ún yẹn, wọ́n tiẹ̀ ti lé mi pé ààyè kún!"

"Òótọ́ ni! Mo lé e!" ni alágbe náà ké.

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn gbè é. Níbi tí ẹ̀rín bá ti wọlé, táyà kì í rí ààyè mọ́. Ṣùgbọ́n èrò tó ti pé jọ kì í fẹ́ lọ lásán.

"Ta ló wá pariwo nígbà náà? Olè ni! Ẹ mú un!"

Ìgbájú dún. Bàtà kan ń wọ́ nílẹ̀, pà, pà.

"Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni," ni Tinúadé wí. "Látìgbà tí mo ti bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ló ti ń tẹ̀ lé mi, ó rò pé n ò mọ̀."

Ẹ̀rín tún sọ. Díẹ̀díẹ̀ ni èrò tú ká, oníkálùkù wá ìrun rẹ̀ lọ.

"Tinú," Ilésanmí ń mí gúlegúle, "o mọ̀?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbé bàtà yẹn lọ fún ṣùmékà."

Ilésanmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá Àlàmú. Ó bẹ̀bẹ̀ títí, bàbá sì ní kó dìde, ó ní òun náà jẹ̀bi. Lẹ́yìn náà ni bàbá súnmọ́ Tinúadé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fọwọ́ kàn án.

"Ọmọ mi, níbo gan-an lò ń lọ?"

"Ọgbà ni, bàbá. Ká ní ẹ ti bi mí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀ bá ti wà lórí ìrun."

"Jẹ́ n mú ọ..." Ilésanmí bẹ̀rẹ̀, ló bá fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ máa lọ, Bọ̀ọ̀dá. Mo ti pẹ́."

Ó padà sí ọ̀nà tó gbà wá, ó rí ọkọ̀ Ọgbà wọ̀. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó dúró, ó tẹ́tí sẹ́yìn. Kò gbọ́ bàtà kankan tó ń ké. Òórùn bisikíìtì tó ń jinná nínú ààrò ló pàdé rẹ̀ lọ́nà, ó sì ń tọ òórùn náà lọ títí ó fi dé ẹnu géètì.

"Àǹtí Tinú, ìyàwó bọ̀ọ̀dá yín dà?" ni Moses aṣọ́géètì bi í.

"Wọ́n wà nílé. Èmi nìkan ni."

Kò tíì pẹ́ tó jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀ tí ìpè kan fi wọlé. Ariwo àwọn tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì ń bẹ lẹ́yìn ẹni tó pè.

"Ẹ káàsán o. Ta lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀?"

"Tinúadé."

Ó mọ ohùn náà. Ó mọ̀ pé wàhálà ti ṣẹlẹ̀ lọ́nà, àdéhùn sì ni àdéhùn. Ó gbára dì de Ìfọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, èmi náà nìyí."

"Sátidé tó ń bọ̀ la máa kó lọ. Ẹrù tìrẹ..." Ilésanmí wúkọ́. "Níbo gan-an lo fẹ́ ká kó o lọ?"

Fóònù mìíràn ti ń dún. Tinúadé jẹ́ kó dúró. Ó sọ àdúgbò tí yàrá ẹ̀gbẹ́ Sùlíyá wà fún un, ó sọ ibi tí yóò ti yà àti ilé tó wà lẹ́bàá rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ti máa ń ṣe fún àlejò tí kò mọ̀nà.